Àwòrán Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Mo Gé Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Wọn Dànù

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí àwòrán ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ewé kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá ni. Bọ̀ọ̀dá, àbúrò bàbá mi, fẹ́ fi bo ìwé wọn. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀, etí kan ṣoṣo ló ká sókè tí mo fi rí èéfín dúdú tó wọ́ lọ sẹ́yìn bí aṣọ tí atẹ́gùn ń gbá. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ìyókù." Wọ́n yí i padà. Orí ọkọ̀ ojú irin kan ló wà níbẹ̀, dúdú, ó tóbi, ó dà bíi pé ó ń bọ̀ wá bá mi. N kò jẹ́ kí wọ́n rí ewé náà gbà lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ wá bébà mìíràn bo ìwé wọn, abẹ́ ìrọ̀rí mi sì ni ewé kàlẹ́ńdà náà sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, kò sí bébà tó kọjá níwájú mi tí n kò tú wò. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kà tán, sítáǹbù ara lẹ́tà, páálí ìṣáná, ibikíbi tí orí ọkọ̀ ojú irin bá ti yọjú ni sísọ́ọ̀sì mi ń lọ. Kí n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n ti lé ní igba. Bí ẹnì kan bá yọ ọ̀kan níbẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀, mo lè sọ èyí tó yọ.

Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe àṣìṣe tó ṣì ń dùn mí dòní. Nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn àwòrán mi mọ́ tónítóní, kí etí wọn gún régé, mo máa ń gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ wọn dànù. Orúkọ ẹ́ńjìnnì, ibi tó wà, ọdún tí wọ́n yà á, ẹni tó yà á, gbogbo rẹ̀ ni mo gé tí mo gbá dà sí ààtàn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ń ba àwòrán jẹ́ ni.

Bọ̀ọ̀dá ló la ojú mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́, wọ́n sì ní sùúrù fún ọmọdé. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n kó àwòrán mi wá, wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n ní, "Ta lèyí?" N kò mọ̀. Wọ́n mú òmíràn. N kò mọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, omi ti ń lé sí mi lójú. Wọn kò bá mi wí rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti lọ. Ka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi."

Mo rò pé eré ni, àṣé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frederick Whyte ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹ́ńjìnnì tó ń lo ooru omi: wọ́n á ka àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké iwájú, wọ́n á ka àwọn ńlá àárín tó ń fa ọkọ̀, wọ́n á ka àwọn kéékèèké ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ní mẹ́rin níwájú, mẹ́fà láàárín, méjì lẹ́yìn, 4-6-2 nìyẹn, Pacific ni wọ́n ń pè é. 2-8-2 ni Mikado. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwòrán ń fi hàn, nítorí náà èèyàn gbọ́dọ̀ sọ iye tó bá rí di ìlọ́po méjì.

Bọ̀ọ̀dá kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní kí n bi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kéékèèké iwájú ló ń ṣamọ̀nà níbi tí ojú irin bá ti kọrọ. Àwọn tẹ̀yìn sábà máa ń ru ìwúwo ààrò tí wọ́n ti ń dáná, torí bí ààrò bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ tó. Àwọn tàárín wá ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lára wọn: bí wọ́n bá ga, tí wọn kò pọ̀, eré ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn fún, ó ń kó èrò, bí wọ́n bá kúrú tí wọ́n sì pọ̀, ẹrù ńlá ló ń fà. Mo padà sídìí àwòrán mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú gbogbo rẹ̀ ká sílẹ̀, mo sì pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tí mo ti wò fún ọdún mẹ́rin wá di àlejò sí mi lójú. Ọ̀kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo rò pé ẹ́ńjìnnì méjì ló bo ara wọn mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò, torí ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀. 4-8-8-4 ni, ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ńlá méjì ló ní. Big Boy ni wọ́n ń pè é, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Union Pacific ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1941 sí 1944. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti tún ọ̀kan nínú wọn ṣe, èyí tó ní nọ́ńbà 4014, tó sì tún padà sójú irin ní ọdún 2019, mo dìde lórí àga mi.

Ẹsẹ̀ yìí náà ló gbé mi dé ìdí ohùn.

Gbogbo wa la mọ fàkàfìkì. Kí ọmọdé tó mọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe rí ló ti mọ bó ṣe ń ké. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ń ké bẹ́ẹ̀? Bọ̀ọ̀dá ya sìlíńdà kan, àgbá irin tó ṣófo nínú, sórí bébà fún mi. Ooru omi tí wọ́n sè nínú ìkòkò ńlá á wọlé láti iwájú, á ti písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ tó sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, òmíràn á wọlé láti ẹ̀yìn, á tì í padà síwájú. Ìgbàkígbà tí ooru bá ṣiṣẹ́ tán, á gba ojú símínì jáde, á sì dún. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì fún sìlíńdà kan nígbà tí ẹsẹ̀ bá yí ẹ̀ẹ̀kan. Sìlíńdà méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn kò sì so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ lọ́nà tí wọ́n á fi jọ lọ jọ bọ̀. Wọ́n fi ìdá mẹ́rin ìyípo ya wọ́n sọ́tọ̀ síra, torí bí méjèèjì bá jọ dé òpin ìrìn wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkọ̀ sì dúró síbẹ̀, kò ní lè ṣí mọ́. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni símínì ń dún: fà, kà, fì, kì.

Mo pariwo. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mẹ́rin ni! Ọ̀rọ̀ yẹn náà mẹ́rin ni!" Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo bébà, wọ́n fi ìka ka fà-kà-fì-kì lórí tábìlì, ẹnu sì ya àwọn náà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹnu pe ohùn ọkọ̀ yẹn, etí rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé àwòrán ẹ̀gbẹ́ kan lè jẹ́ kí n mọ ohun tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ onísìlíńdà méjì, tí ọ̀pá irin tó so àwọn ẹsẹ̀ ńlá pọ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá níhà ọ̀dọ̀ mi, a jẹ́ pé níhà kejì tí n kò rí, písítìn ti lọ dé òpin, ó fẹ́ padà. Mo máa ń jókòó ti àwòrán, mo máa ń di ojú, mo máa ń rí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn àwòrán kan wà tí wọ́n tàn mí jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ wọn kò purọ́. Mo ní bí ogún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sí èèyàn, tí kò sí kọ́ọ̀ṣì, tí àwọ̀ gbogbo wọn rí bí eérú. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ayé àtijọ́ ṣe rí, pé kò sí ọ̀dà aláwọ̀ nígbà náà. Mo tilẹ̀ ya tèmi, mo kùn ún ní àwọ̀ eérú. Nígbà tó yá ni mo kà pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ló máa ń kun ẹ́ńjìnnì tuntun ní àwọ̀ eérú tìtorí fọ́tò. Fíìmù ìgbà náà kì í rí ọ̀pọ̀ àwọ̀ dáadáa. Dúdú tó ń dán á gbé gbogbo nǹkan mì, ṣùgbọ́n lára àwọ̀ eérú tí kò dán, gbogbo ìdè àti páìpù á hàn ketekete. Bí wọ́n bá ya fọ́tò tán, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ tó máa lò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ tí mo rò pé ó jẹ́ ti ọkọ̀, ti kámẹ́rà ni! Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi wo gbogbo àwòrán mi lọ́tọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló ya èyí, kí ló fẹ́ kí n rí, kí ló sì ṣe sí i kí n lè rí i.

Ti Rocket ló wá le jù. Èmi àti Rocket kì í ṣeré. Bí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn, ọkàn mi á fò sókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1829, wọ́n ṣe ìdíje ẹ́ńjìnnì ní Rainhill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rocket tí Robert Stephenson kọ́ ló borí. Ohun tó fi borí kò hàn síta. Inú ìkòkò omi rẹ̀ ni ó wà: dípò kí ooru iná gba páìpù ńlá kan ṣoṣo kọjá nínú omi, páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ 25 ni wọ́n là á kọjá, ooru sì fara kan omi níbi púpọ̀, omi tètè hó. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ẹ́ńjìnnì olóoru tó tẹ̀ lé e lò títí wọ́n fi kógbá sílé.

Àwòrán Rocket méjì ni mo ní. Nínú ọ̀kan, ó yẹ́lò, símínì rẹ̀ ga fíofío, sìlíńdà rẹ̀ sì dagun bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Nínú èkejì, ó dúdú, sìlíńdà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ gbalaja. Èmi gbà pé irọ́ ni ọ̀kan. Mo yan ti yẹ́lò torí ó dára lójú mi, mo sì fa dúdú ya. Mo fà á ya! Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì. Sìlíńdà tó dagun yẹn máa ń mú kí ọkọ̀ jó sókè sódò bó bá ń sáré, nítorí náà, kò pẹ́ lẹ́yìn ìdíje náà tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Yẹ́lò ni Rocket ọdún 1829. Dúdú ni Rocket lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n, irú èyí sì ni wọ́n tọ́jú títí dòní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí mo fà ya ló sún mọ́ ẹ́ńjìnnì gidi jù. Ká ní n kò gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wọn ni, ọdún méjèèjì ì bá wà níbẹ̀, ì bá ti là mí lọ́yẹ̀.

Gọ́ọ̀mù náà jẹ mí níyà. Mo ra álíbọ́ọ̀mù kan tí ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù lójú, tí ọ̀rá bò, mo to ọgọ́rin àwòrán sínú rẹ̀, ó dùn ún wò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gọ́ọ̀mù náà pọ́n bí epo, ó wọ inú bébà, àwọn tí mo fẹ́ yọ sì ya. Mo pàdánù méjìlélógún pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò nínú irú álíbọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ẹ yọ wọ́n lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Kí ẹ fi wọ́n sínú àpò bébà tí kò ní èròjà kíkan, kí oòrùn má rí wọn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ̀wé sẹ́yìn wọn láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bírò máa ń là kọjá sójú, ó sì ń ṣá.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, àwọn ẹlẹ́nu gígùn wọ̀ mí lójú. Mallard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ mú mi, aláwọ̀ búlúù tí eré rẹ̀ dé ìwọ̀n kìlómítà 203 ní wákàtí kan ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1938. Ẹ́ńjìnnì olóoru kankan kò tíì gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára bí àṣá ti Japan, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1964 láàárín Tokyo àti Osaka. Níbí yìí, ojú irin fúnra rẹ̀ ni mo kọ́ láti wò. Àwọn ojú irin àtijọ́ ilẹ̀ Japan, mìlímítà 1,067 ni ó wà láàárín irin méjèèjì. Ti Shinkansen jẹ́ 1,435. Nínú fọ́tò tí méjèèjì bá ti wà nítòsí ara wọn, ó ń hàn sí ojú lásán pé tuntun fẹsẹ̀ gbilẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mo tún to imú wọn tẹ̀ léra: ti 1964 rí roboto bí orí ọta ìbọn, ti oríṣi 500 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997 gùn, ó sì rí ṣóńṣó. Bí ọkọ̀ bá já wọ inú ihò abẹ́ òkè pẹ̀lú eré, á ti afẹ́fẹ́ ṣíwájú, afẹ́fẹ́ á sì bú gbàù lẹ́nu ihò kejì, a máa yọ àwọn tó ń gbé ìtòsí lẹ́nu. Àwọn tó ya imú yẹn wo ẹnu ẹyẹ kan tó máa ń já láti òkè wọ inú omi láti mú ẹja tí omi kì í sì í ta. Ẹyẹ ni mo ń wò láìmọ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan tí n kì í fẹ́ rántí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo yá kámẹ́rà, mo sì lọ dúró láàárín irin méjì kí àwòrán mi lè dà bíi ti kàlẹ́ńdà Bọ̀ọ̀dá, kí ọkọ̀ máa bọ̀ wá bá mi. Inú ojú kámẹ́rà ni mo ti ń wò ó, ó sì kéré níbẹ̀, ó dà bíi pé ó ṣì jìnnà. Òṣìṣẹ́ ojú irin kan ló fa aṣọ mi lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ. Ó ní, "Ọmọ, ẹni tó ń wà á rí ẹ, ṣùgbọ́n kò lè yà fún ẹ, kò sì lè dúró." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ẹrù tó kún tó sì ń sáré lè nílò kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1830 tí wọ́n ṣí ọ̀nà Liverpool sí Manchester, William Huskisson, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀kalẹ̀ sí ojú irin níbi tí ọkọ̀ ti dúró gba omi, ẹ́ńjìnnì mìíràn sì gbá a. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú. Rocket ni ẹ́ńjìnnì yẹn. Rocket tèmi. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìyẹn, ibi tí wọ́n fàyè gba èrò ni mo ti ń ya àwòrán mi, n kì í sì í gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà.

Ẹni tó wù mí jù nínú àwọn ayàwòrán ni O. Winston Link. Láàárín ọdún 1955 sí 1960, nígbà tí ẹ́ńjìnnì olóoru ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lọ ń ya ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Norfolk and Western, òru ló sì yan láti yà wọ́n. Á na wáyà, á to ọ̀pọ̀lọpọ̀ gílóòbù fíláàṣì síbi tó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kí gbogbo wọn lè bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Bí wáyà kan bá já, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Ó tún gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ̀kan nínú ohùn yẹn, mo kà á pẹ̀lú ìka lórí itan mi: fà, kà, fì, kì.

Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ àwòrán mi wà báyìí, ìwà àtijọ́ sì tún fẹ́ padà wá, torí nọ́ńbà lásán ni kámẹ́rà máa ń sọ fáìlì. N kì í sùn kí n tó kọ ibi, ọjọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ewé kàlẹ́ńdà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi náà ni mo gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tí mo rí sẹ́yìn rẹ̀: 4-6-2, ọ̀pá irin wà nísàlẹ̀, awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ojú irin méjì ló wà níbẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, ibi àti ọdún. Bọ̀ọ̀dá ti dàgbà, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ bí mo bá pè wọ́n, ohun tí wọ́n máa ń béèrè kì í yí padà: "Ṣé o ti mọ orúkọ rẹ̀?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní, "Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo fi awò wò ó, mo sì rí òjìji ẹni tó yà á, ó nà sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ irin ní igun ìsàlẹ̀. Ó dé fìlà." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n má gbàgbé awò náà.